Wọ́n Ní Òróró Kò Dín

Òróró ni mo ń wọ̀n jẹun ní Sokodé, ní Togo, lọ́dún tí ọ̀dá dá, tí àgbàdo gbẹ sóko ní Kambolé, ìlú wa. Bí oṣù bá ti parí, màá ki ọ̀pá bọ inú àgbá kọ̀ọ̀kan nílé ìkẹ́rùsí ìjọba, màá wo ibi tí òróró dé lára ọ̀pá, màá sì kọ ọ́ sínú ìwé tó ń lọ sí Lomé. Lóṣù kìíní, igba àgbá ló kún. Nígbà tó fi máa di oṣù kẹta, ó ku ọgọ́fà. Àkókò òjò dé, òjò kò rọ̀, ó ku ogójì.

Síbẹ̀, igba ni mo ń kọ. Làmídì, ọ̀gá wa tí a ń pè ní ṣẹ́ẹ̀fù, ló ní kí n máa kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ọkọ̀ akẹ́rù rẹ̀ ló ń gba ọ̀nà Tchamba kó òróró náà kọjá sí orílẹ̀-èdè Benin, tó ń padà lófìfo.

"Àlàní, ṣé bàbá rẹ ló ni òróró ni?" ló bi mí lọ́jọ́ tí mo gbé bírò sílẹ̀. "Kọ igba."

Mo kọ igba. Mo níyàwó, mo bímọ mẹ́ta.

Rédíò ń pariwo pé òróró pọ̀ bí omi òkun. Àwọn èèyàn dé ọjà, wọn ò rí i rà. Ìjọba ní a jẹ́ pé àwọn oníṣòwò ló kó o pamọ́, wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í wá olè kiri. Ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, Ràbíátù, ni wọ́n já sí ní àdúgbò Komah. Òróró ẹ̀pà ló ń fún, tó ń fi èérún rẹ̀ din kúlíkúlí. Àgbá mẹ́ta péré ló wà nílé rẹ̀. Àwọn ṣọ́jà gbé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, wọ́n so páálí tí wọ́n kọ 'olè' sí mọ́ ọn lọ́rùn, wọ́n sì fà á yí ọjà ká kí wọ́n tó tì í mọ́lé. Àwọn tó ń ra òróró lọ́wọ́ rẹ̀ ló ń tutọ́ sí i lára.

Ọjọ́ tí wọ́n tú u sílẹ̀, ilé mi ló gbà wá. Kò jókòó.

"Ìwọ tí ò ń wọn òróró, àgbá mélòó ló kù níbẹ̀?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ rọra sọ̀rọ̀."

"Mo ní mélòó!"

"Igba," mo dáhùn.

Ó wò mí látòkè délẹ̀. "Ọmú kan náà la jọ mu. Ọlọ́hun á bi ọ́." Ó jáde. Jàríátù, ìyàwó mi, gbé omi tó bù fún un padà sínú ilé.

Nígbà tó yá, a gbọ́ pé ọ̀gá kan ń bọ̀ láti Lomé wá yẹ òróró wò. Làmídì ní ká pọn omi kún àwọn àgbá, ká da òróró díẹ̀ lé e. Òróró kì í rì. Ọ̀pá tó bá gba inú rẹ̀ jáde, dídán ló máa ń dán. Èmi ni mo pọn omi náà fún ọjọ́ méjì, lásìkò tí aráàlú ń jà nídìí kànga.

Ọ̀gá náà wọ kóòtù dé. Wọ́n tún lọ mú Ràbíátù wá kí ọ̀gá náà lè fojú rí olè. Mo ki ọ̀pá bọ àgbá àkọ́kọ́, mo fà á yọ, ó ń kán òróró tótó. Mo ṣe ìkejì, mo ṣe ìkẹta.

"Ẹ wo ẹni tó ń pa ará ìlú," Làmídì nawọ́ sí ẹ̀gbọ́n mi.

Ràbíátù kò wò ó. Èmi ló tẹjú mọ́. Ojú yẹn kò bẹ̀ mí, kò tilẹ̀ bínú. Ó kàn ń wò mí bí ẹni ń wo nǹkan tó ti bàjẹ́. Mo fi èjìká ti àgbá kẹrin, ó ṣubú gbì, omi ya bo ilẹ̀, ó wọ bàtà ọ̀gá Lomé.

Ọ̀gá náà wo omi, ó wo Làmídì.

"Igba ni?"

"Igba ni, ọ̀gá."

Ọ̀gá náà yọ bírò, ó fọwọ́ sí ìwé tí mo kọ igba sí.

Èmi ni àwọn ṣọ́jà wọ́ lọ. Wọ́n ní mo ba ẹrù ìjọba jẹ́, wọ́n lù mí, wọ́n sì tì mí mọ́lé fún oṣù mọ́kànlá. Jàríátù kó àwọn ọmọ lọ sí Kambolé. Lọ́jọ́ Jímọ̀ kọ̀ọ̀kan, Ràbíátù ń gbé oúnjẹ wá fún mi. Ó máa ń gbé abọ́ lé ilẹ̀, á sì yí padà láìkí mi. Lọ́jọ́ kan, mo dì í láṣọ mú.

"Ẹ̀gbọ́n mi, mo ṣáà sọ òtítọ́."

"O sọ ọ́ lẹ́yìn tí wọ́n ti tutọ́ sí mi lójú tán," ó ní. "Nítorí ìyá wa ni mo ṣe ń bọ́ ọ. Fi aṣọ mi sílẹ̀."

Mo fi í sílẹ̀.