Oúnjẹ Ojú Fèrèsé

Bí ènìyàn bá ń jẹun tí ẹlòmíràn yọ sí i, yóò ní kó wá jẹun. Kì í ṣe pé oúnjẹ ọ̀hún tó ẹni méjì. Ẹni tí wọ́n pè náà yóò ní kó gba ibi ire, yóò sì máa bá tirẹ̀ lọ. Ẹni tí kò mọ èyí, ilé ni wọn kò ti kọ́ ọ.

Aránṣọ ni èmi Ràódàt ní Ọ̀yọ́. Ọkọ mi ti kú. Mubaraq ọmọ mi wà ní Kùtọ̀nù, bí Iléyá bá dé ló máa ń rántí nọ́ńbà mi. Ẹnì kan ṣoṣo tí mo máa ń pè wá jẹun ni bàbá arúgbó kan tí orúkọ wọn ń jẹ́ Joseph Ọládipúpọ̀, nítorí fèrèsé yàrá wọn kọjú sí ti ṣọ́ọ̀bù mi, ọ̀nà tóóró kan ló wà láàárín wa. Káfíńtà ni wọ́n ní Ògbómọ̀ṣọ́ kí ẹsẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í dùn wọ́n, tí Olúwaṣògo ọmọ wọn fi mú wọn wá sọ́dọ̀ ara rẹ̀. Onítẹ̀bọmi ni wọ́n, Mùsùlùmí ni mí, ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn kì í dé àárín wa àfi bí wọ́n bá ń fi ààwẹ̀ mi ṣẹ̀fẹ̀.

"Bàbá, ẹ wá jẹun o."

"Á gba ibi ire o, Ìyá Mubaraq."

Bí a ṣe ń ṣe é lọ́sàn-án gbogbo nìyẹn. Kí n má purọ́, oúnjẹ kì í dùn lẹ́nu mi títí wọn yóò fi dáhùn.

Olúwaṣògo ń ta páàtì mọ́tò. Bó bá ń jáde láàárọ̀, á fi àgádágodo ti ilẹ̀kùn yàrá bàbá rẹ̀ pa. Ó ní kí wọ́n má baà ṣìnà ni. Gbogbo àdúgbò gbà á gbọ́, nítorí léèsì funfun ni Bàbá máa ń wọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Ìsinmi, tí ọmọ á sì dì wọ́n lápá mú wọ mọ́tò. Àwọn ènìyàn á ní kí Ọlọ́run fún àwọn náà nírú ọmọ bẹ́ẹ̀, èmi náà á ṣe àmín. Èmi tí mò ń ránṣọ, ó yẹ kí n mọ ohun tí aṣọ ńlá lè bò mọ́lẹ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo ṣí abọ́ ẹ̀wà mi, mo sì ké sí wọn gẹ́gẹ́ bí ìṣe.

"Bàbá, ẹ wá jẹun o."

"Mò ń bọ̀."

Mo rẹ́rìn-ín, mo rò pé àwàdà ni. Àfi bí mo ṣe gbọ́ tí wọ́n ń mi ilẹ̀kùn láti inú. Wọ́n mì í títí, kò ṣí. Wọ́n padà wá sójú fèrèsé, wọ́n na ọwọ́ jáde láàárín irin, wọn kò sì wò mí lójú. Ọwọ́ náà ti gbẹ. Mo sáré gbé abọ́ lọ. Abọ́ kò gba àárín irin kọjá, ni mo bá ń fi ṣíbí bù ú sí wọn lẹ́nu bí ọmọ ọwọ́. Nígbà tó tán, wọ́n ní, "Má sọ fún Ṣògo."

Mo sunkún lọ́jọ́ yẹn, inú sì bí mi. Àgbàlagbà tó mọ ìwà hù bẹ́ẹ̀ kì í jẹ́ ìpè oúnjẹ. Ebi nìkan ló lè mú un jẹ́ ẹ.

Mo kọ́kọ́ lọ bá alága àwọn onílé àdúgbò. Ó bú sẹ́rìn-ín.

"Ìyá Mubaraq, arúgbó yẹn ti ń ṣarán ni. Ẹ ò rí i pé kò mọ ohun tí wọ́n ń fọ̀ lẹ́nu oúnjẹ mọ́? Ọ̀rọ̀ ẹbí nìyẹn o. Tẹ́ ẹ bá fa gọ́múńtì wọlé onílé, ta ló máa bá yín sọ̀rọ̀ ládùúgbò yìí?"

Ọ̀rọ̀ yẹn dá mi dúró. Bí wọ́n bá tiẹ̀ gbé Bàbá kúrò níbẹ̀, ta ni yóò máa dá mi lóhùn? Ṣùgbọ́n ní gbogbo ọ̀sán tí mo bá pè wọ́n, "Mò ń bọ̀" ni, ìwọ̀nba tí mo ń fi ṣíbí bù sí wọn lẹ́nu kò sì tó wọn. Nígbà tó ṣe, wọn kò lágbára àtimi ilẹ̀kùn mọ́. Mo ti ṣọ́ọ̀bù, mo wọ kẹ̀kẹ́, mo lọ sí ọ́fíìsì wẹ́lífíà ìjọba.

Ọ̀dọ́mọbìnrin tí mo bá níbẹ̀ ń jẹ́ Asiyah.

"Kí lẹ rí gan-an, Mà? Ṣé wọ́n ń nà wọ́n ni?"

"N ò rí i kí wọ́n nà wọ́n."

"Ṣé ẹ gbọ́ igbe?"

"Rárá."

"Kí wá ni?"

"Mo ní kí wọ́n wá jẹun. Wọ́n ní àwọn ń bọ̀."

Bírò dúró lọ́wọ́ rẹ̀. Ó wò mí dáadáa. "Àgbàlagbà? Wọ́n sì jẹ ẹ́?"

"Wọ́n jẹ ẹ́ tán."

Ó dìde, ó mú báàgì rẹ̀.

Nírọ̀lẹ́ la bá Olúwaṣògo nílé. Ó kí wa tọ̀yàyà-tọ̀yàyà, ó gbé àga fún wa. Bàbá jókòó lórí ibùsùn wọn. Asiyah kúnlẹ̀.

"Bàbá, ṣé ẹ ń jẹun dáadáa?"

"A dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ọmọ mi ń tọ́jú mi."

Mo ti gbé ìrẹsì dání. Mo ṣí i. "Bàbá, ẹ wá jẹun."

Wọ́n wo ọmọ wọn. "Á gba ibi ire o."

Olúwaṣògo wò mí tìkà-tẹ̀gbin. "Ẹ ti gbọ́ báyìí? Ṣé ẹ rí i pé àmèbò ni Ìyá Mubaraq?"

Asiyah kò ṣe bí ẹni gbọ́ ọ. Ó gba abọ́ lọ́wọ́ mi. "Bàbá, ẹ má bínú. Àṣà ọ́fíìsì wa ni pé ká bá baba onílé jẹun ká tó sọ̀rọ̀ kankan. Tẹ́ ẹ ò bá jẹ, èmi náà ò lè jẹ, ebi sì ń pa mí látàárọ̀."

Irọ́ gbuu ni. Ọlọ́run á forí jì í.

Bàbá ní, "Ó dáa, nítorí tìẹ ni o."

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ bí ọmọlúàbí. Kò pẹ́ tí wọ́n fi gbàgbé gbogbo wa. Asiyah kò jẹ ju ṣíbí kan lọ. Olúwaṣògo dìde, ó tún jókòó. Nígbà tí Bàbá ń fi ìka gbá ìdí abọ́, ó ní, "Mo máa ń gbé gààrí sílẹ̀ fún wọn. Mo rò pé ó ń tó wọn ni."

Asiyah ló pe Leah, àbúrò Olúwaṣògo, tó ń tajà l'Ọ́jà Igbó ní Ògbómọ̀ṣọ́. Gbogbo ìgbà tí ìyẹn bá ti fẹ́ bá bàbá rẹ̀ sọ̀rọ̀ lórí fóònù, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ á ní wọ́n ti sùn. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, Leah dé tẹkúntẹkún, ó sì kó Bàbá lọ. Inú mi dùn. Mo wọ ṣọ́ọ̀bù padà, mo wo fèrèsé òdìkejì, mo sì mọ̀ pé mo ti dá wà pátápátá.

Ọ̀rọ̀ alága ṣẹ. Wọ́n ń kí mi láìdúró, wọ́n ní mò ń tú ilé onílé. Lọ́sàn-án, bí mo bá ṣí abọ́, ẹnu mi á ti yà kí n tó rántí pé kò sẹ́nì kankan lójú fèrèsé. Màá dé abọ́ padà. Oúnjẹ àná ló sábà máa ń bá tòní níbẹ̀.

Lánàá, fóònù mi dún. Bàbá ni. Ohùn wọn ti dá ṣáṣá, mò ń gbọ́ tí ṣíbí ń kan abọ́.

"Ìyá Mubaraq, wá jẹun o!"

Mo mọ èsì tó yẹ. Láti kékeré ni wọ́n ti kọ́ mi. Mo yanu láti fọ̀ ọ́.

"Mò ń bọ̀, Bàbá."

Ṣíbí dákẹ́. Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ tí wọ́n ń pe Leah pé kó lọ mú abọ́ mìíràn wá.