Ife Omi Àdúrà

Ìwé kẹta tí Tìmílẹ́hìn kọ ló sọ ọ́ di ẹni tí wọ́n ń pè sórí rédíò ní London. Ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ni, bíi ti méjì àkọ́kọ́: ẹnì kan kú, òǹkàwé á sì máa fi orí wá apànìyàn títí ìwé á fi tán. Ṣọ́ọ̀ṣì aláṣọ funfun kan ní Barking ni ikú náà ti wáyé. Ìyá àgbà tó ń bu omi àdúrà fún ìjọ, ẹni tí Ọlọ́run pàápàá kò ní fura sí, òun ló bu májèlé sínú ife.

Ọwọ́ ìyá ara rẹ̀ ni Tìmílẹ́hìn wò kọ ọ́. Òun ló ń bu omi ní ìjọ wọn ní Gascoigne, ní Barking kan náà, etí sùtánà rẹ̀ ló sì fi ń nu ẹnu ife kó tó gbé e fúnni. Tìmílẹ́hìn rò pé ará ìjọ kì í ka irú ìwé bẹ́ẹ̀.

Wọ́n kà á. Kò pẹ́ sí i ni inú rírun gbé Bàbá Levi, àgbà kan nínú ìjọ, dé ọsibítù. Sista Moṣọpẹ́ bá fò dìde láàárín ìjọ.

"Ẹ rò pé ọmọ yẹn kàn jókòó kọ ọ́ ni? Ìran ló rí! Ẹ̀mí ló fi hàn án!"

Láti ọjọ́ náà, wọn a gba ife, wọn a kúnlẹ̀ dúpẹ́, wọn a sì lọ da omi nù sídìí òdòdó lóde.

Ìyá rẹ̀ pè é lórí fóònù. "Tìmí, wọn ò mu omi mi mọ́."

"Mọ́mì, it's just a story!"

"Èmi kọ́ ni kó o sọ fún. Wá sọ fún wọn."

Nígbà tó di ọjọ́ Ìsinmi, ó bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà, ó wọlé, ó gba máíìkì. "Ẹ̀yin ará, mi ò rí ìran kankan. Irọ́ pípa ni iṣẹ́ mi."

"Jónà náà sá fún iṣẹ́ tí wọ́n rán an," ni Moṣọpẹ́ dá a lóhùn. Ẹ̀rín sọ. "Ọmọ mi, bó bá jẹ́ irọ́, mu ún ká rí i."

Ìyá rẹ̀ bu omi, ó fi etí sùtánà nu ẹnu ife, ó gbé e fún un tayọ̀tayọ̀. Tìmílẹ́hìn gbé e dé ètè. Ṣùgbọ́n ọpọlọ tó ti fi ń wá apànìyàn kiri láti ọdún wọ̀nyí wá kò mọ ibi tó yẹ kó ti sinmi. Ó bi í léèrè: ta ló dá wà pẹ̀lú kẹ́ẹ̀gì omi kí ìsìn tó bẹ̀rẹ̀? Ọwọ́ rẹ̀ dúró. Kò ju ìṣẹ́jú àáyá kan lọ. Ó wá gbé omi náà mì, ó da ojú ife délẹ̀.

"Ṣé ẹ ti rí i báyìí?"

Wọ́n ti rí i. Ìyá rẹ̀ náà ti rí i. Ó gba ife lọ́wọ́ rẹ̀, kò nù ún.

Nígbà tí wọ́n ń dúró de bọ́ọ̀sì, Tìmílẹ́hìn ní, "Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú."

Ìyá náà ń wo ojú títì. "Àwọn òyìnbó ni mo rò pé ò ń kọ ọ́ fún," ó ní. "Mi ò mọ̀ pé ìwọ náà gbà á gbọ́."