Tìróò Lójú Alágẹmọ

1.  ( o ) ( – )

…tí ojú ọ̀tún alágẹmọ náà sì dì pa, ó wú bí ẹ̀wà tó mumi. Tòsì nìkan ló ń yí kiri. Ó yí sí àjà. Ó yí sí ilẹ̀kùn. Ó yí sí Màmá Jọlá.

Màmá Jọlá sún àga rẹ̀ sẹ́yìn.

2. Ìwé tí Jọlá lẹ̀ mọ́ àgò kó tó lọ sí kám̀pù àgùnbánirọ̀ ní Sókótó

Mọ́mì mi,
Jẹ́jẹ́ lorúkọ ẹ̀. Ẹ má pè é ní "nǹkan yẹn".
Tata ni oúnjẹ ẹ̀, kó máa mìra o.
Omi láàárọ̀, omi nírọ̀lẹ́.
Kì í ṣépè. Kò sẹ́ni tó rán an sí yín.

3.

Omi kún abọ́ láàárọ̀. Nírọ̀lẹ́, ó ṣì kún.

Màmá Jọlá rò pé òùngbẹ ò gbẹ ẹ́ ni.

Ọyẹ́ ń fẹ́ eruku gba ojú fèrèsé wọlé.

4.

Aránṣọ ni Màmá Jọlá, l'Ágbowó. Ìwé mẹ́fà ló kà. Ó ti lé ní àádọ́ta ọdún, síbẹ̀ tí alágẹmọ bá wò ó, ara rẹ̀ á bù máṣọ.

Nígbà tí ojú ọ̀tún dì, inú rẹ̀ dùn.

Rárá. Ẹ jẹ́ n tún un sọ. Ọkàn rẹ̀ balẹ̀, ìyẹn nìkan. Ó gbé àga sápá ọ̀tún, níbi tí nǹkan yẹn ò ti lè rí i, ó ń rán bùbá lọ.

Tata bọ́ síwájú Jẹ́jẹ́. Ó na ahọ́n. Ó tàsé.
Ó tún nà án. Ó tàsé.

Màmá Jọlá dá ẹ̀rọ dúró. Jọlá fẹ́ràn nǹkan yìí bí ọmọ. Ẹran tí ò bá rí oúnjẹ ẹ̀ mú, kí ló kù?

5. Lórí odi

ÌYÁ RASHEED, aládùúgbò: Tìróò ni.
MÀMÁ JỌLÁ: Fún alágẹmọ?
ÌYÁ RASHEED: Ṣé tiẹ̀ kì í ṣojú ni? Nígbà tí ojú ń yún Rasheed, kí ni mo fi sí i?
MÀMÁ JỌLÁ: Rasheed kì í gun igi.
ÌYÁ RASHEED: Ẹ ò mọ Rasheed.

6.  ( – ) ( – )

Màmá Jọlá fi igi tìróò kàn án lójú. Fẹ́ẹ́rẹ́ báyìí.

Ojú di dúdú. Orí di dúdú. Ẹ̀yìn, ikùn, ìrù, gbogbo ẹ̀ dúdú kirikiri. Ó wá pa ojú kejì náà dé.

"Yéè! Tìróò ti ràn dé ìrù!"

7. Fóònù

JỌLÁ: Mọ́mì, Jẹ́jẹ́ ńkọ́?
MÀMÁ JỌLÁ: Ó wà
JỌLÁ: Ẹ ya fọ́tò ẹ̀ fún mi
MÀMÁ JỌLÁ: Kò síná
JỌLÁ: Mọ́mì, ọ̀sán ni

8. Nínú takisí, Agbowó sí Bódìjà

DÍRẸ́BÀ: Màmá, kí ló wà nínú apẹ̀rẹ̀ yẹn?
MÀMÁ JỌLÁ: Aláìsàn ni.
DÍRẸ́BÀ: Aláìsàn wo ló ń gbénú apẹ̀rẹ̀?

(Ìrù yọ.)

Ẹsẹ̀ ló fi rin ìyókù.

9. Lọ́dọ̀ Ọmọ́fẹ́, dókítà ẹranko

DÓKÍTÀ: Kí lẹ fi sí i lójú, Mà?
MÀMÁ JỌLÁ: Tìróò.
DÓKÍTÀ (ó fọwọ́ bo ẹnu): Tìróò?
MÀMÁ JỌLÁ: Ẹ rẹ́rìn-ín, ẹ má jẹ́ kó há yín lọ́fun.
DÓKÍTÀ (ó rẹ́rìn-ín): Tìróò kọ́ ló sọ ara ẹ̀ di dúdú. Inú ló ń bí i.
MÀMÁ JỌLÁ: Sí èmi?
DÓKÍTÀ: Ta ló fi igi kàn án lójú?

Dókítà fọ ojú ẹ̀ jẹ́jẹ́. Òsì là. Ọ̀tún ò là.

DÓKÍTÀ: Òùngbẹ ń gbẹ ẹ́, eruku sì wọ̀ ọ́ lójú. Kì í mu omi abọ́, Mà. Èyí tó ń kán lórí ewé ló mọ̀ lómi.
MÀMÁ JỌLÁ: Ṣé á là?
DÓKÍTÀ: Mi ò lè ṣèlérí. Kó tó là, ọwọ́ lẹ ó máa fi bọ́ ọ.
MÀMÁ JỌLÁ: Ọwọ́ mi yìí?

10. Lára ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù Màmá Jọlá

Ẹ BU OMI WỌ́N ILẸ̀ KÍ Ẹ TÓ GBÁLẸ̀.
ẸNI TÓ BÁ MÚ TÌRÓÒ WÁ, KÓ LÉ E SÓJÚ ARA Ẹ̀.

11.

Ó so ọ̀rá píọ̀ wọ́tà kọ́ òkè àgò. Ó fi abẹ́rẹ́ ìránṣọ gún un. Ewé máńgòrò wà nísàlẹ̀.

kán

      kán

kán

Jẹ́jẹ́ yọ ahọ́n. Ó lá a. Ó tún lá a. Àwọ̀ ewé padà sára ẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

Ìgbà náà ni ojú ọ̀tún wú síta, tó ń yí gbirigbiri lábẹ́ awọ. Màmá Jọlá pariwo, ó pe dókítà.

"Ó ń fọ ojú ẹ̀ ni, Mà."

12.

Ó di tata mú. Ó na ọwọ́. Ó dijú tiẹ̀.

Pá!

Ó lajú. Tata ti lọ. Ìka pé.

13. Ohùn tó fi ránṣẹ́ sí Jọlá

"Jọlá, ojú ọ̀tún ẹ̀ ń dùn ún. Mo fi tìróò sí i. Mo mọ̀, má wulẹ̀ pariwo. Ó ń mu omi báyìí, ó ń jẹun lọ́wọ́ mi. Jẹ́jẹ́ ní kí n kí ẹ."

14.  ( o ) ( · )

Àga wà lápá ọ̀tún, ibi tó sá sí fún un tẹ́lẹ̀. Ó ti sún un mọ́ àgò. Bí ojú yẹn bá là, òun ni kó kọ́kọ́ rí.

Ó tú gèlè, ó tún un wé.

kán

Ìpéǹpéjú ọ̀tún Jẹ́jẹ́ mì. Ó dúró.

      kán

Ó tún mì, ó là bí ihò abẹ́rẹ́.