Ejò Tí Mo Fi Àgékù Aṣọ Rán

Gbogbo ẹranko tó lẹ́sẹ̀ tó sì nírun lára kún ayé, ejò ni ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, ní òun fẹ́ máa sìn nínú ilé. Mo ní kó lọ bá bàbá rẹ̀. Bàbá rẹ̀ gbójú kúrò lára ìwé ìròyìn, ó ní, "Kí ló burú ńbẹ̀? Èyí tí wọ́n ń tà yẹn ò lóró." Ọkọ mi nìyẹn o. Aáyán ń lé e kiri ilé, ejò ló wá ń gbè lẹ́yìn.

Kì í ṣe ejò nìkan ló ń bà mí lẹ́rù. Onígbàgbé là ń pe ọmọ náà. Ó ti gbàgbé bàtà ẹsẹ̀ kan sílé ìwé rí. Ẹ má bi mí bó ṣe rìn délé. Ẹja méjì tá a rà fún un lọ́dún tó kọjá, ebi ló pa wọ́n. Ó sunkún títí, èmi náà sunkún, ẹja ò jí.

Aránṣọ ni mí. A kì í ṣàdédé ki sísọ́ọ̀sì bọ aṣọ olówó ńlá. Aṣọ pọ́ọ́kú la kọ́kọ́ ń rán, kí oníbàárà wọ̀ ọ́ wò, ká mọ ibi tó fún àti ibi tó ṣò. Mo bá kó àgékù aṣọ jọ, mo rán ejò kan tó gùn ju mítà kan lọ, mo rọ iyanrìn sí i nínú kó lè wúwo, mo tẹ́ ẹ sínú àpótí gíláàsì.

Mo ní, "Tọ́jú èyí fún ọgbọ̀n ọjọ́ ká tó ra ejò gidi. Omi tuntun láràárọ̀. Kó o tan gílóòbù kí ara rẹ̀ lè móoru. Kó o sì ti ìdérí. Tó o bá gbàgbé lẹ́ẹ̀kan péré, ọ̀rọ̀ ejò parí."

Kí n má purọ́, mi ò rò pé yóò lo ọ̀sẹ̀ kan.

Ó lò ó. Ó lo méjì. Kí n tó jí i, ó ti dìde. Ó ń bá aṣọ sọ̀rọ̀! Gbogbo ohun tó bá ṣe, ó ń kọ ọ́ sínú ìwé pélébé kan.

Lọ́jọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n, ó ti ilé ìwé dé, ó bá ìdérí ní ṣíṣí. Ó gbé ejò náà, ó fà á lé mi lọ́wọ́.

"Mọ́mì, mo ti gbàgbé." Ó wọ yàrá rẹ̀ lọ.

Inú mi kọ́kọ́ dùn. Mo bọ́ lọ́wọ́ ejò! Àfi ìgbà tí mo rí òwú funfun lọ́rùn ejò náà. Àárọ̀ ọjọ́ náà ni mo rán an: iyanrìn ń jò lára rẹ̀, mo gbé e jáde lẹ́yìn tí ọmọ ti lọ, mo dí ojú ihò, mo dá a padà. Oníbàárà kanlẹ̀kùn, mo sáré lọ, mi ò ti ìdérí.

Kò sẹ́ni tó rí mi. Bí mo bá panu mọ́, ejò ò ní wọlé mi láéláé. Mo jókòó ti ẹ̀rọ mi, mo ṣí ìwé pélébé ọmọ mi. Ohun tó kọ láàárọ̀ náà rèé: "Mo tì í. Mo padà wá wò ó. Mo tì í." Ojú tì mí gan-an.

Mo wọlé tọ̀ ọ́. "O kọ ọ́ síbí pé o tì í. Kí ló dé tó ò bá mi jiyàn?"

"Ẹ ṣáà máa ń sọ pé mo máa ń gbàgbé. Mo rò pé mo gbàgbé ni."

Ọ̀rọ̀ yẹn gún mi ju abẹ́rẹ́ lọ. Mo ní, "Gbọ́, ẹni bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Èmi ni mo ṣí i. Èmi ni mo gbàgbé, ìwọ kọ́."

"Ẹ̀yin kẹ̀?"

"Èmi ni."

Ló bá fò sókè. "Dádì! Mọ́mì ló gbàgbé o!" Ilé gbọ́, ọ̀nà gbọ́.

Nígbà tí ọgbọ̀n ọjọ́ pé, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dúró níwájú ọkùnrin tó ń ta ejò. Gbogbo ìbéèrè tó bi mí, ọmọ ló ń dá a lóhùn: omi, ooru, oúnjẹ, ìdérí. Ọkọ mi ti sá padà sẹ́nu ọ̀nà ní tirẹ̀, akin!

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín. "Màmá, ọmọdé ṣì ni o. Ṣé ẹ ó máa rán an létí?"

Mo gbé àyà sókè. "Rárá o. Òun ni yóò máa rán mi létí."

Ọmọ mi na ọwọ́ méjèèjì, ó gba ejò rẹ̀.