Orúkọ Ọkùnrin Lára Àpótí Lẹ́tà

Èmi ni mo fi ẹnu ara mi sọ ọ́. Kí Ọlọ́run má jẹ́ ká fi ọwọ́ ara wa ti ilẹ̀kùn mọ́ ire wa.

Lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn, olè wọ ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn wa nílùú Kawaguchi, níbi tí àpótí lẹ́tà gbogbo wa tò sí lára ògiri. Obìnrin tó ń dá gbé ni wọ́n ń wá. Wọ́n á ka orúkọ, wọ́n á tú lẹ́tà wò, wọ́n á mọ̀ pé kò sọ́kùnrin nílé. Àpótí Ìyá Chigusa, aládùúgbò mi tó ń gbé lókè mi, ni wọ́n kọ́kọ́ já.

“Ẹ yọ orúkọ yín,” ni mo wí. “Ẹ kọ orúkọ ọkùnrin sí i. Orúkọ tó le, tí olè á rí tí ìtọ̀ á bọ́ lára ẹ̀.”

Ó rẹ́rìn-ín. “Ìyá Yasuo, ẹ fẹ́ fún mi lọ́kọ lọ́jọ́ ogbó!”

“Ọkọ tí kì í jẹun, tí kì í hanrun. Kí lẹ tún ń fẹ́?”

Bí Godai Tetsuzo, orúkọ tí a kọ sára àpótí náà, ṣe dé àárín wa nìyẹn. Láràárọ̀ la máa ń kì í: Tetsuzo, akọ irin! Ọkọ tí kò jẹ, tí kò mu, tó ń lé olè láìdìde!

Minowa, akólẹ́tà wa, mọ̀ wá tilé tọ̀nà. Bí ìwé bá wá fún Hoshina Tazuko, tí í ṣe orúkọ Ìyá Chigusa gan-an, á jù ú sínú àpótí Godai, á ní, “Ẹ bá mi kí baálé o.” Nítorí náà, Ìyá Chigusa ò lọ forúkọ sílẹ̀ nílé ìfìwéránṣẹ́ pé òun ló ni àpótí náà. Kí ló fẹ́ fi ṣe nígbà tí Minowa wà? Ó tiẹ̀ ti já fóònù ilé, nítorí àwọn gbájúẹ̀ tó ń pe arúgbó, tí wọ́n á ní, “Màmá, èmi ni.”

Bẹ́ẹ̀, lẹ́tà kan ṣoṣo ló ń retí láyé. Ọdún kẹsàn-án rèé tí Chigusa, ọmọ kan ṣoṣo tó bí, ti bínú jáde.

Minowa fẹ̀yìn tì. Ẹlòmíì gba alùpùpù pupa tó fi ń kó lẹ́tà. Lọ́jọ́ kan nínú oṣù kọkànlá, ọkùnrin náà kí mi nísàlẹ̀.

“Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ṣé Hoshina kan ti gbé ibí rí? Lẹ́tà rẹ̀ wá lọ́sẹ̀ tó kọjá. Mo wá orúkọ náà lára gbogbo àpótí, n ò rí i. Mo ti dá a padà.”

“Ta ló kọ ọ́?”

“Òfin ò jẹ́ kí n sọ, Màmá.” Ó wo bàtà rẹ̀. “Hoshina lorúkọ ìdílé tòun náà.”

Nílé ìfìwéránṣẹ́, obìnrin tó jókòó síbẹ̀ tẹrí ba fún èmi àti Ìyá Chigusa lẹ́ẹ̀mẹta láti fi bẹ̀ wá.

“Ó ti kúrò lọ́wọ́ wa, Màmá.”

“Ẹ kàn sọ ìlú tó ti wá fún mi,” ni Ìyá Chigusa wí.

“Ẹ má bínú, Màmá.”

“Kí lẹ wá kọ sára ẹ̀?”

“Òǹtẹ̀ la máa ń tẹ̀: A kò rí ẹni yìí ní ojúlé yìí.”

“Á rò pé mo ti kú.”

Obìnrin náà tún tẹrí ba. Kí ló tún kù tó lè ṣe?

Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Àwa wo ilé, a gbàgbé ọmọ.

Nígbà tí a padà délé, ó fi èékánná ha orúkọ Tetsuzo kúrò. Ó kọ Hoshina Tazuko gàdàgbà, ó kọ Ìyá Chigusa sábẹ́ rẹ̀, ó sì yọ àgádágodo àpótí náà sọ nù.

“Olè ńkọ́?” ni mo bi í.

“Kó wá. Òun á kúkú mọ̀ pé mo wà.”

Nísàlẹ̀ la jọ máa ń dúró báyìí, tí a bá ti gbúròó alùpùpù. Mo ń gbàdúrà sínú. Akólẹ́tà náà ti mọ̀ wá. Bó bá ti tẹrí ba kó tó sọ̀ kalẹ̀, a ti mọ̀ pé kò sí nǹkan.