Báńgà Kan Ṣoṣo ní Aago Márùn-ún

Èmi ni mo fi ọwọ́ ara mi kọ òfin náà, nítorí náà mi ò rí ẹni bú. Bí ẹ bá dé àdúgbò wa ní Sabon Gari ní Kánò, ẹ ó rí i lára ògiri ilé Ọ̀gbẹ́ni Japhet, alága wa, nínú ọ̀rá tí òjò kò lè wọ inú rẹ̀: ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ yin báńgà ní àdúgbò yìí, àfi ní ọjọ́ Kérésìmesì àti ọjọ́ kìn-ín-ní ọdún tuntun, láàárín aago márùn-ún sí aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, ní pápá ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì nìkan. Ẹni tó bá rú u yóò kó gọ́tà àdúgbò láti òkè dé ìsàlẹ̀ ní Sátidé ìmọ́tótó, lójú gbogbo ayé. Lábẹ́ rẹ̀ ni mo kọ ọ́ sí gàdàgbà: Rónkẹ́ Oyèyẹmí, akọ̀wé.

Oúnjẹ ni iṣẹ́ mi. Mo máa ń se ìrẹsì àti mọ́ín-mọ́ín fún ìkómọ àti fún ìdúpẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì, láti ọ̀dọ̀ wa títí dé Noman's Land. Ẹni tó bá lè pín ẹran fún igba ènìyàn tí ìjà kò ṣẹlẹ̀, ẹni náà mọ òfin í ṣe. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi mí ṣe akọ̀wé, mo sì gbádùn rẹ̀, mi ò ní purọ́.

Ohun tó fa òfin náà kò ṣe é fi ṣeré. Lọ́dún méjì sẹ́yìn, ẹnì kan ju báńgà sí ẹnu ọ̀nà Alhaja Hàlímọ̀ tó ń dín másà ìrẹsì tà, tí ilé rẹ̀ kọjú sí tiwa. Alhaja wà ní ọjà lọ́jọ́ tí bọ́ǹbù bú gbàmù níbẹ̀ nígbà kan. Kò fara pa, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, bí ilẹ̀kùn bá gbá pàá, gbogbo ara rẹ̀ ni yóò máa gbọ̀n. Nígbà tí báńgà yẹn dún, ó ṣubú lórí àtẹ̀gùn. Nígbà tí mo fi máa sáré dé ibẹ̀, ó ti rá wọ abẹ́ tábìlì, ìyá arúgbó, ó fi ọwọ́ méjèèjì di etí. Inú bí mi, àánú sì ṣe mí. Ọ̀sẹ̀ kejì ni mo pe ìpàdé, tí a ṣe òfin.

Gbogbo wọn ló fọwọ́ sí i. Ẹni tí mi ò rántí bi léèrè ni ìyá ọkọ mi, tí èmi àti rẹ̀ jọ ń gbé inú ilé kan náà.

Màmá ti lé ní ọgọ́rin ọdún, etí rẹ̀ sì ti ń kú díẹ̀díẹ̀. Òun àti ọkọ rẹ̀ ní àṣà kan tí mi ò rí nílé ẹlòmíràn. Bí ọdún bá ti yí, Bàbá á yin báńgà kan ṣoṣo lẹ́nu ọ̀nà, á ké pé, “Ìyá Yọ̀mí, ọdún ti dé o!” Màmá á dáhùn láti inú ilé pé, “Ọdún á yabo!” Ìgbà náà ni yóò wá máa pe gbogbo wa lórúkọ lọ́kọ̀ọ̀kan, ọmọ, ìyàwó, ọmọ-ọmọ, tí yóò máa ṣàdúrà fún wa, títí kan ewúrẹ́ tó bá wà ní ìso. Nígbà tí Bàbá kú, Yọ̀mí ọkọ mi gba iṣẹ́ báńgà náà ṣe. Bí kò bá sí ìró, kò sí àdúrà. Màmá ní a kì í kí àlejò tí kò tíì kan ilẹ̀kùn.

Lọ́dún tí òfin mi bẹ̀rẹ̀, àwọn ènìyàn yin báńgà wọn ní pápá ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì, ìró náà jìnnà, Màmá kò gbọ́ nǹkan kan. A sọ fún un pé ọdún ti dé. Ó wò wá títí.

“Ta ló gbọ́ ọ?” ló bi wá.

Bí a ṣe lo ọdún náà nìyẹn láìsí àdúrà Màmá. Dárasími ọmọ mi fi ṣe ẹ̀fẹ̀ títí: “Mummy, Grandma say na last year we still dey o.” Èmi náà kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n nígbà tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ Yọ̀mí, Màmá ní kò ya òun lẹ́nu, ṣé ọdún wọlé ni? Nígbà tí oyún oṣù mẹ́ta bàjẹ́ lára mi ní oṣù kẹfà, kò sọ̀rọ̀ rárá. Ó kàn wò mí, ó sì gbé ojú kúrò. Ìyẹn ló dùn mí jù. Ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì ni mí, mo mọ̀ pé báńgà kọ́ ni Ọlọ́run. Síbẹ̀, mo fẹ́ kí Màmá pe orúkọ mi. Nígbà tí Kérésìmesì tún fi máa kù sí dẹ̀dẹ̀, oyún mìíràn ti wà lára mi, mo sì ń fẹ́ ẹ bí ẹni tí òǹgbẹ ń gbẹ.

Ọ̀rọ̀ náà kò tún mọ sí báńgà. Màmá àti Alhaja Hàlímọ̀ jọ wọ rélùwéè kan náà wá sí Kánò nígbà tí wọ́n wà ní ọ̀dọ́, kò sì sí ọjọ́ tí Alhaja kì í wá jókòó tì í bó bá ti kírun Alásárì tán. Nígbà tí Màmá gbọ́ ìdí tí a fi ṣe òfin, ó ní, “Hàlímọ̀ ló ti ilẹ̀kùn mọ́ ọdún mi.” Ọ̀rọ̀ ọ̀hún dé etí Alhaja. Láti ìgbà náà, kò sọdá títì mọ́. Ìyá méjì á jókòó sí ẹnu ọ̀nà wọn, olúkálùkù á máa wo ibòmíràn.

Mo dúpẹ́ pé mo ti fi gbólóhùn kan sí ìsàlẹ̀ òfin yẹn: ẹni tó bá ní ìdí pàtàkì lè yin báńgà lẹ́nu ọ̀nà tirẹ̀, bí àwọn ará ilé ọ̀tún, ilé òsì àti ilé iwájú bá gbà fún un. Collins, aládùúgbò wa lápá ọ̀tún, ní, “Madam, no wahala. For Mama, anything.” Ọ̀gbẹ́ni Japhet lápá òsì ní, “Ba matsala,” pé kò sí wàhálà rárá. Ó wá ku ilé iwájú.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí ọdún parí, mo sọdá lọ bá Alhaja. Mo bá a níbi tó ti ń ki ọwọ́ sínú híjáàbù nítorí ọyẹ́.

“Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, Alhaja.” Mo kúnlẹ̀.

“Sannu, ìyàwó wa. Dìde, ilẹ̀ tutù. Ọyẹ́ ọdún yìí ò mọ àgbà.”

Mi ò mọ ibi tí mo ti máa bẹ̀rẹ̀. Mo bá dá ọ̀rọ̀ másà sílẹ̀, pé ti àná dùn, pé kò sí irú rẹ̀ ní gbogbo Fagge.

“Haba, Rónkẹ́. Másà kọ́ lo bá wá. Sọ ọ́.”

Mo sọ ọ́. Mo sọ gbogbo rẹ̀, báńgà, àdúrà, oyún tó lọ, títí kan èyí tó wà lára mi, tí mi ò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni yàtọ̀ sí ọkọ mi. Alhaja gbé ojú lọ sí ẹnu ọ̀nà wa. Mo rò pé mo ti ṣẹ̀ ẹ́.

“Ṣé o mọ nǹkan tó ń bà mí lẹ́rù?” ló wá wí. “Kì í ṣe ariwo. Wallahi, kì í ṣe ariwo. Lọ́jọ́ yẹn, àlùbọ́sà ni mò ń rà. Mo ní kí mai albasa fi ẹyọ kan ṣe ènì fún mi, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń na ọwọ́ sí i. Kò sẹ́ni tó sọ fún wa pé nǹkan ń bọ̀. Ohun tó wà lára mi nìyẹn. Ká ní ẹnì kan lè sọ aago rẹ̀ fún mi, kó má sì yẹ̀, màá gbára dì.”

“Alhaja, ẹ ò sọ ọ́ rí.”

“Ta ló bi mí? Ẹ ṣe òfin nítorí mi, ẹ ò bi mí. Ẹ wá sọ mí di ẹni tó gba ọdún lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ mi.”

Ojú tì mí. Ẹni méjì ni òfin yẹn kàn jù ní gbogbo àdúgbò, èmi tí mo mọ ìwé kọ, mi ò bi ẹnì kankan nínú wọn.

“Aago mélòó?” ni Alhaja bi mí.

“Aago márùn-ún lọ́la, Alhaja. Ẹyọ kan péré.”

“Ó dáa. Ṣùgbọ́n mi ò ní dá jókòó gbọ́ ọ nílé mi. Màá wá jókòó ti Ìyá Yọ̀mí.”

“Màmá lè má . . .”

“Á gbà. Ṣé ó ti gbàgbé pé èjìká mi ló sùn lé láti Ọ̀fà títí a fi dé Kánò ni?”

Lọ́jọ́ kejì, Alhaja sọdá títì nígbà tí aago márùn-ún ku ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kúlà másà wà lọ́wọ́ rẹ̀. Màmá wà lórí bẹ́ǹṣì lẹ́nu ọ̀nà, nínú aṣọ àná, torí ó ní òun ò ní wọ aṣọ ọdún tí kò tíì dé. Ó rí Alhaja lókèèrè, ó kàn ṣe bí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n.

“Ta nìyẹn?”

“Ẹni tó gba ọdún rẹ ni,” Alhaja pariwo sí i létí. “Mo wá dá a padà.”

Màmá sún lórí bẹ́ǹṣì, Alhaja sì jókòó.

Yọ̀mí ti gbé báńgà sí ẹ̀gbẹ́ gọ́tà. Èmi ni mo di fóònù mú, tí mò ń ka ìṣẹ́jú. Nígbà tó ku mẹ́ta, Alhaja na ọwọ́, ó di ọwọ́ Màmá mú. Ètè rẹ̀ ń mì, ó ń ka nǹkan sínú. Yọ̀mí ṣáná, afẹ́fẹ́ ọyẹ́ pa á. Mo tún wo fóònù, torí mo ti sọ aago fún Alhaja, kò sì gbọdọ̀ yẹ̀. Ó ṣá òmíràn, eléyìí ràn, ó sì sá padà sẹ́yìn.

Báńgà dún. Àwọn ewúrẹ́ Ọ̀gbẹ́ni Japhet fò kọjá gọ́tà.

Ojú Màmá ni mò ń wò. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Ó ṣì ń wo títì bí ẹni tó ń retí. Ìgbà yẹn ló yé mi pé etí Màmá ti lọ, pé kò lè gbọ́ báńgà mọ́ láé, àfi ohùn tí a bá ké sí i létí gan-an. Mo ro ti gbogbo ọdún tó ń bọ̀.

Màmá bá wo ọwọ́ ara rẹ̀. Alhaja ti fún un pinpin, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, gbogbo ara rẹ̀ ń gbọ̀n títí dé èjìká. Màmá wo ọwọ́ náà, ó wo ojú ọ̀rẹ́ rẹ̀.

“Hàlímọ̀, ó ti dún?”

“Ó ti dún,” Alhaja wí, omi wà lójú rẹ̀. Ó fi ẹnu kan etí rẹ̀, ó sì ké e bí ó ti ṣe ń gbọ́ ọ láti òdìkejì títì láti ogójì ọdún wá: “Ìyá Yọ̀mí, ọdún ti dé o!”

“Ọdún á yabo!”

Ohùn yẹn dé ṣọ́ọ̀ṣì. Màmá kò fi ọwọ́ Alhaja sílẹ̀. Ó ń fi àtàǹpàkò ra ẹ̀yìn ọwọ́ náà, jẹ́jẹ́, títí gbígbọ̀n náà fi dáwọ́ dúró, Hàlímọ̀ ló sì kọ́kọ́ pè, pé ohun òjijì kò ní bá a mọ́. Ó pe Yọ̀mí, ó tọrọ iṣẹ́ fún un. Ó pe Dárasími. Ó wá pe èmi.

“Rónkẹ́, ìyàwó mi.” Ó ṣàdúrà fún mi, ó gùn ju ti gbogbo wọn lọ. Mo rò pé ó ti parí, àfi bó ṣe na ọwọ́ kejì sí ikùn mi. Mi ò mọ ẹni tó sọ fún un, mi ò sì bi í. “Àti ìwọ tí a ò tíì sọ lórúkọ, wàá bá wa nílé. Wàá kan ilẹ̀kùn, a ó gbọ́.”

Mo fẹ́ ṣe Àmín, ṣùgbọ́n ẹkún ló jáde. Alhaja ló bá mi ṣe é.