Àwọn Tí Bàbá Dókítà Ń Rántí

Nígbà tí wọ́n pín àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn sí ibi tí wọ́n á ti máa tẹ̀ lé àwọn dókítà kiri, tí wọ́n sì ní kí ọmọbìnrin kan lára wọn lọ sí ilé ìwòsàn àwọn ọmọdé, ńṣe ló fọwọ́ bo ẹnu kí ó má baà pariwo ayọ̀. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń káàánú rẹ̀, torí ẹkún ibẹ̀ kì í ṣe kékeré. Wọn ò mọ̀ pé ibẹ̀ ló ti lo ìdajì ìgbà èwe rẹ̀. Ihò bíńtín kan ló wà nínú ọkàn rẹ̀ nígbà tí wọ́n bí i, bàbá rẹ̀ ló sì máa ń gbé e lọ síbẹ̀ kí wọ́n lè gbọ́ bóyá ihò náà ti dí.

Ògiri ti gba ọ̀dà mìíràn, bẹ́ǹṣì onígi ti di àga oníke, ṣùgbọ́n òórùn ọṣẹ tí wọ́n fi ń nu ilẹ̀ ò yí padà rárá. Bó ṣe gbá a nímú báyìí, ó ti padà di ọmọ kékeré lójú ẹsẹ̀. Ó rí ara rẹ̀ léjìká bàbá rẹ̀, tí bàbá ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá jókòó tì wọ́n, bóyá wọ́n bi í tàbí wọn ò bi í, pé dókítà ibẹ̀ mọ àwọn dáadáa. Ó fẹ́ràn kí wọ́n máa mọ òun, bàbá yẹn. Ìlú mìíràn ni iṣẹ́ gbé wọn lọ lẹ́yìn náà, ibẹ̀ ló sì kú sí kí ọmọ tó jáde ìwé mẹ́wàá.

Láti ìgbà náà, ìyá nìkan ló kù tí wọ́n jọ ń sọ̀rọ̀ rẹ̀, ìyá náà sì ti sọ ìwọ̀nba ìtàn tó ní títí wọ́n fi ń tán lẹ́nu rẹ̀. Ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ wa ń wá kò pọ̀. Ó fẹ́ kí ẹnìkan tí kì í ṣe ará ilé wọn wo ojú òun, kí ó sì ní, àbí ọmọ bàbá yẹn kọ́ nìyí? Ẹnìkan ṣoṣo ló sì lè sọ ọ́, ìyẹn Bàbá Dókítà, ọ̀gá ilé ìwòsàn náà, tó máa fẹ̀yìn tì lópin oṣù.

Bàbá Dókítà ti darúgbó, orí rẹ̀ ti pá, ṣùgbọ́n bó ṣe ń ṣe é náà ló ṣì ń ṣe é. Kì í kọ́kọ́ fọwọ́ kan ọmọ. Yóò bọ́ ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbọ́ àyà kúrò lọ́rùn, yóò fi bọ ọmọ létí, yóò na àyà tirẹ̀ sí i, yóò sì béèrè bóyá òun ṣì wà láàyè. Àwọn kan á ní ó wà láàyè. Ọmọ kan wò ó tìkà-tẹ̀gbin, ó ní kí ó lọ lo oògùn. Tí ọmọ bá fi máa yẹ̀ ẹ́ wò tán, ẹ̀rù ti tán lára rẹ̀, bàbá á wá gba ẹ̀rọ padà, á ní ó kàn án. Akẹ́kọ̀ọ́ á dúró lẹ́yìn, á máa rẹ́rìn-ín bí ẹni tí wọ́n ń sín ní gbẹ́rẹ́ ìdùnnú, omi á sì lé sí i lójú.

Ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í ta Bàbá Dókítà lólobó, láìsọ irú ẹni tí òun jẹ́. Ó ní òun mọ ọmọ kan tí Bàbá Dókítà bi bóyá òun wà láàyè, tí ọmọ náà ní ó ti dákẹ́, tí bàbá ọmọ rẹ́rìn-ín títí tó fi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Bàbá Dókítà rẹ́rìn-ín tirẹ̀ náà, ó ní ìdajì àwọn ọmọ ibẹ̀ ló ń sin òun láàyè. Ó ya akẹ́kọ̀ọ́ lẹ́nu pé kò tún béèrè nǹkan kan. Lọ́jọ́ kejì, ó dárúkọ àdúgbò tí wọ́n gbé nígbà náà. Bàbá Dókítà ní àdúgbò náà dáa, ó sì ní kí wọ́n pe ọmọ tó kàn wọlé.

Ohun tó dùn ún jù ni pé orí bàbá yìí pé. Lọ́sàn-án, tí èrò bá ti dín kù, á gbé ife tíì lọ́wọ́, á máa sọ̀rọ̀ àwọn ọmọ àtijọ́. Ọ̀kan wà tí kì í dáhùn àyàfi tí wọ́n bá pè é ní Ọ̀gá Pátápátá. Ọ̀kan sọ gbogbo bẹ́ẹ̀dì ibẹ̀ lórúkọ, a sì máa kí wọn láàárọ̀. Ó rántí aṣọ tí wọ́n wọ̀, ó rántí eyín tó ká. Dókítà Kékeré, obìnrin tó máa gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kì í sábà jókòó gbọ́ ọ. Á ní òun fẹ́ lọ wo nǹkan, á sì jáde. Akẹ́kọ̀ọ́ wa rò pé ọ̀rọ̀ náà ti sú u ni. Owú ń jẹ òun ní tirẹ̀. Kí ni àwọn ọmọ yẹn ṣe tí òun àti bàbá òun ò ṣe?

Nígbà tó di ọjọ́ tí Bàbá Dókítà máa lọ, akẹ́kọ̀ọ́ ò ta á lólobó mọ́. Ó bá a níbi tó ti ń kó ẹrù rẹ̀ sínú báàgì, ó sì sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ihò inú ọkàn, bàbá, gbogbo ẹ̀. Bàbá Dókítà wo ojú rẹ̀ títí. Ó ní ṣé òun lè gbọ́ àyà náà. Akẹ́kọ̀ọ́ jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì àwọn ọmọdé, ẹsẹ̀ rẹ̀ balẹ̀. Bàbá fi àtẹ́lẹwọ́ mú irin ẹ̀rọ náà gbóná, ó gbọ́ níhìn-ín, ó gbọ́ lọ́hùn-ún, ó dijú.

"Mi ò gbọ́ nǹkan kan," ló sọ. "Ó ti dí. Ṣùgbọ́n mi ò ní purọ́ fún ẹ, ọmọ mi. Mi ò rántí ẹ, mi ò sì rántí bàbá ẹ."

Inú bí i. Kò mọ̀ pé òun lè bínú sí bàbá àgbàlagbà báyẹn.

"Ẹ rántí Ọ̀gá Pátápátá, sà. Ẹ rántí èyí tó ń kí bẹ́ẹ̀dì."

Bàbá Dókítà wá àga, ó jókòó. "Àwọn yẹn ò padà sílé," ó ní.

"Gbogbo wọn?"

"Gbogbo wọn. Ó máa ń dun àwọn òbí wọn jù láti máa sọ̀rọ̀ wọn. Tí èmi náà bá gbàgbé, ta ló kù? Orí mi ò sì lè gba gbogbo yín. Àwọn tó bá fẹsẹ̀ ara wọn rìn jáde, mo máa ń jẹ́ kí wọ́n lọ ni."

Ojú ń ti akẹ́kọ̀ọ́ pé àwọn ọmọ yẹn lòun ń jowú láti ọjọ́ yìí.

"Ẹ má wulẹ̀ rántí mi, sà," ó ní.

Bàbá rẹ́rìn-ín, ó nu ojú. "Bàbá ẹ wá ńkọ́? Ibo ni wọ́n wà báyìí?"

"Wọ́n ti kú, sà. Ó ti pẹ́."

Bàbá Dókítà gbé báàgì kúrò lórí itan, ó gbé e sílẹ̀.

"Sọ̀rọ̀ wọn fún mi," ó ní.

Aránṣọ ni bàbá òun, ni akẹ́kọ̀ọ́ fi bẹ̀rẹ̀. Téèpù tí wọ́n fi ń wọn aṣọ kì í kúrò lọ́rùn wọn, débi pé àwọn ìyá ọlọ́mọ tó wà nínú gbọ̀ngàn máa ń kí wọn ní dókítà, bàbá òun kì í sì í sọ fún àwọn ìyá náà pé òun kọ́. Wọ́n á kàn dá àwọn ìyá náà lóhùn, wọ́n á ní kí wọ́n fún ọmọ lómi mu dáadáa. Bàbá Dókítà bú sẹ́rìn-ín. Ó béèrè pé irú àwọ̀ wo ni téèpù náà, ó sì ní kí ó máa bá a lọ.